Ègé Aṣọ Tí Mo Dà Nù: Ìrírí Mi Nínú Kíkọ Ìtàn Àwọn Ará Àdúgbò Wa

Ní ọjọ́ tí a sin bàbá tí ń bá gbogbo àdúgbò wa tọ́jú kọ́kọ́rọ́, àwọn ọmọ wọn ní kí n dìde kí n sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa wọn. Láti kékeré ni mo ti mọ bàbá yìí, ilé mẹ́ta péré ló wà láàárín ilé wọn àti tiwa, kò sì sí ọ̀sẹ̀ kan tí n kì í kí wọn. Mo dìde, mo ní ènìyàn rere ni wọ́n, mo ní wọn kì í bá ẹnikẹ́ni jà, mo ní a ò ní gbàgbé wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu mi. Mo dúró, mo ń wá ohun kan ṣoṣo tí mo lè sọ tí kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè sọ nípa òkú èyíkéyìí, n kò rí i, mo sì jókòó. Àwọn tó wà níbẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní mo sọ̀rọ̀ dáadáa. Ìtìjú ọjọ́ náà kò tíì kúrò lára mi títí di òní. Òun ló gbé mi dé ìdí iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, èyí tí í ṣe kíkọ ìtàn ìgbé ayé àwọn tí a jọ ń gbé sílẹ̀. Àṣìṣe pọ̀ nínú rẹ̀, mo sì fẹ́ sọ wọ́n bí wọ́n ṣe rí, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí má baà gba ibi tí mo gbà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ nípa kọ́kọ́rọ́ náà. Pákó gígùn kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn bàbá, wọ́n kan ìṣó mọ́ ọn ní ìlà mẹ́rin. Ẹni tó bá ń lọ síbi iṣẹ́, tí ọmọ rẹ̀ yóò sì ti ilé ẹ̀kọ́ dé ṣáájú rẹ̀, ọ̀dọ̀ bàbá ni yóò fi kọ́kọ́rọ́ ilé sí. Ẹni tó ń rìnrìn àjò a fi tirẹ̀ síbẹ̀, ẹni tó máa ń gbàgbé nǹkan a sì fi ẹ̀dà kejì pamọ́ síbẹ̀. Bàbá kì í kọ orúkọ sí kọ́kọ́rọ́ lára. Ègé aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n máa ń so mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ilé kọ̀ọ̀kan ló sì ń mú ègé tirẹ̀ wá láti ara aṣọ tó ti gbó. Bí ọmọdé bá dé ẹnu ọ̀nà, bàbá a na ọwọ́ sẹ́yìn láìwo ibẹ̀, wọn a fi ìka wá aṣọ náà kàn: èyí tó le bí àpò, èyí tó ń yọ̀ lọ́wọ́, èyí tó ní ìṣẹ́tí tí a fi ọwọ́ rán. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n bá fà jáde kì í ṣì.

Lẹ́yìn ìsìnkú, a tún yàrá wọn ṣe. A dá kọ́kọ́rọ́ padà fún àwọn tó ni ín. Àwọn ègé aṣọ náà ti dọ̀tí, òmíràn ti ń já, ẹnì kan sì fi ọ̀bẹ gé gbogbo wọn kúrò, ó kó wọn sínú àpò kan. Èmi ni mo gbé àpò náà lọ síbi tí a ń da ìdọ̀tí sí. Mo rò pé mo ń ran ẹbí lọ́wọ́ ni. Ó tó oṣù méjì kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó bi mí lójú ọ̀nà pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí tilẹ̀ ni àwọ̀ aṣọ tiwa?" N kò lè dá a lóhùn. Ibi kan ṣoṣo tí gbogbo ilé mẹ́tàlélógójì tó wà ní àdúgbò wa ti pàdé lójú kan, orí pákó yẹn ni, èmi ni mo sì fi ọwọ́ ara mi gbé e jù nù.

Mo ra ìwé ńlá kan, mo sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí mo kà sí ẹni tí ìtàn wọn yẹ kó wà lákọsílẹ̀: alága àwọn ará àdúgbò, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tó kọ́kọ́ ra ọkọ̀. Mo rò pé ìtàn tiwọn ni ìtàn gbogbo wa. Èmi nìkan kọ́ ni irú èrò bẹ́ẹ̀ ti wọ̀ lọ́kàn. Ní ọdún 1948 tí onímọ̀ ìtàn kan, Allan Nevins, dá ọ́fíìsì sílẹ̀ ní Yunifásítì Columbia ní New York láti máa gba ìtàn sílẹ̀ láti ẹnu àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn, àwọn olóṣèlú, àwọn oníṣòwò ńlá àti àwọn ènìyàn pàtàkì ni wọ́n kọ́kọ́ gbájú mọ́. Oṣù mẹ́rin ni mo lò lẹ́nu irú rẹ̀, ohun tí mo sì rí gbà ni ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti sọ ní gbangba ní àìmọye ìgbà: ipò tí wọ́n dì mú, ayẹyẹ tí wọ́n lọ, ẹni ńlá tí wọ́n bọ̀ lọ́wọ́. Láàárín oṣù mẹ́rin náà, àwọn méjì tí n kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn jáde láyé. Ọ̀kan nínú wọn ni màmá tí ń gbá ojú ọ̀nà wa kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò sẹ́ni tó rán wọn, kò sẹ́ni tí ń sanwó fún wọn, n kò sì mọ ìdí tí wọ́n fi ń gbá a, nítorí pé n kò bi wọ́n rí. Bí ẹ bá fẹ́ to orúkọ àwọn tí ẹ ó bá sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ipò tò wọ́n. Ọjọ́ orí àti àìlera ni kí ẹ fi tò wọ́n, kí ẹ sì lọ bá ẹni àkọ́kọ́ nínú ọ̀sẹ̀ tí ẹ wà yìí.

Nígbà tí mo wá dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù, ìbéèrè mi ni kò dára. Ọgbọ̀n ni mo tò sínú ìwé: ọdún wo ni wọ́n bí yín, ilé ẹ̀kọ́ wo ni ẹ lọ, iṣẹ́ wo ni ẹ ṣe, ọmọ mélòó ni ẹ bí. Àwọn àgbà ń dá mi lóhùn bí ẹni tó wà níwájú adájọ́, ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ méjì, ojú wọn kò sì kúrò lára ìwé tó wà lọ́wọ́ mi. Àwọn ni mo dá lẹ́bi, mo ní wọn kò fẹ́ sọ̀rọ̀. Màmá kan tí ń ránṣọ ló là á fún mi. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ohun tí ò ń béèrè yìí wà nínú ìwé ìbí àti ìwé ìgbéyàwó. Èmi kọ́ ló yẹ kí o bi." Ó wọ̀ mí lára. Mo pa ìwé dé, mo ní, "Ẹ má bínú, màmá. Ẹ sọ bí ọjọ́ kan ṣe máa ń rí fún yín, láti ìgbà tí ẹ bá ti jí."

Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni wọ́n fi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ máa ń wà láàárín ètè àwọn láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán, ojú ni àwọn fi ń dáhùn ìkíni, àwọn ọmọdé àdúgbò sì ti mọ ojú náà kà: èyí tó ní "ẹ máa lọ", èyí tó ní "ẹ dúró, mo ní iṣẹ́ fún yín". Wọ́n ní ẹni tí ògiri pa àwọn pọ̀ máa ń mọ̀ láti inú ìró ẹ̀rọ bí iṣẹ́ bá wọlé tàbí tí kò wọlé, ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá dákẹ́ jù, yóò kan ògiri lẹ́ẹ̀mejì láti béèrè àlàáfíà. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ọwọ́ ọ̀tún wọn ń yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ tí kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo kà nípa ẹgbẹ́ Mass-Observation ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ní kí àwọn ènìyàn lásán kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá ṣe ní ọjọ́ 12 oṣù kárùn-ún ọdún 1937 sílẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n dé ọba George Kẹfà ládé. Ayẹyẹ ọba ni gbogbo ìwé ìròyìn ń kọ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ohun tí ẹgbẹ́ yìí fẹ́ mọ̀ ni bí ọjọ́ náà ṣe lọ nílé àwọn tí ọba kò mọ̀. Ìbéèrè nípa ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ báyìí, bí ohun èlò iṣẹ́ ẹni náà bá sì wà nítòsí, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ kó gbé e lé ọwọ́.

Àṣìṣe tó tẹ̀lé e burú ju ti ìṣáájú lọ, nítorí pé n kò mọ̀ pé mo ń ṣe é. Ní ìgbà kan rí, iná jó ilé mẹ́rin ní ìlà ẹ̀yìn àdúgbò wa. Gbogbo ẹni tí mo bá bá sọ̀rọ̀ ni mo ń bi pé, "Níbo ni ẹ sá gbà lọ́jọ́ iná?" Ẹni mẹ́ta sọ ibi tí àwọn sá gbà fún mi, ọ̀rọ̀ wọn sì dùn-ún gbọ́. Ẹni kẹrin, màmá kan tí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, dákẹ́ títí, wọ́n wá ní, "Ta ló sọ fún ọ pé a sá? A ò sá. A tò láti ẹ̀bá ẹ̀rọ omi dé ẹsẹ̀ ilé tó ń jó, à ń gbé korobá láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹni tó dúró níwájú mi kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ." Mo padà lọ bá àwọn mẹ́ta ìṣáájú, mo kàn ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rántí nípa alẹ́ ọjọ́ náà. Méjì nínú wọn rántí ìlà yẹn. Ọ̀kan tilẹ̀ ní òun gan-an ló ń fa ẹ̀rọ omi. Ọ̀rọ̀ náà, "sá", èmi ni mo gbé e sí wọn lẹ́nu, wọ́n sì bu ọlá fún mi, wọ́n wá ìrántí tó bá a mu.

Àwọn onímọ̀ ti dán irú èyí wò. Ní ọdún 1974, Elizabeth Loftus àti John Palmer fi fíìmù ìjàǹbá ọkọ̀ han àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì bi wọ́n bí eré ọkọ̀ náà ṣe tó. Àwọn tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí pé ọkọ̀ méjèèjì run ara wọn bi pè é ní nǹkan bíi máìlì 41 ní wákàtí kan, àwọn tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ tó kàn túmọ̀ sí pé wọ́n fara kan ara wọn bi sì pè é ní nǹkan bíi 32. Ohun kan náà ni gbogbo wọn wò. Láti ìgbà náà, "Kí ló wá ṣẹlẹ̀?" ni ìbéèrè tí mo ń bi jù, lẹ́yìn rẹ̀, mo pa ẹnu mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà kọ́kọ́ ń ni mí lára. Mo wá kọ́ láti máa ka ení, èjì, dé ẹ̀wá nínú kí n tó tún sọ ọ̀rọ̀ kankan, torí pé ìgbà tí mo bá kà dé èje tàbí ẹ̀jọ ni àgbà náà máa ń mí kanlẹ̀, tí wọ́n á ní, "Ohun kan tilẹ̀ wà..."

Iná yìí kan náà ló kọ́ mi nípa ọdún. Ìwé àkọsílẹ̀ tí mo rí fi ọdún tó jó hàn kedere, ṣùgbọ́n ó ju ìdajì àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀ lọ tó ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni, ọdún tí ilé iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ wọn ti ń ṣiṣẹ́ kógbá sílé. Mo ń pa ọdún tí wọ́n pè rẹ́, mo ń kọ èyí tó tọ́ dípò rẹ̀, n kò sì sọ fún wọn. Ìtàn kan láti ìlú Terni ní Ítálì ló dá mi dúró. Níbẹ̀, ní oṣù kẹta ọdún 1949, ọlọ́pàá pa òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ irin kan tó ń jẹ́ Luigi Trastulli, ẹni ọdún 21, níbi ìwọ́de tí wọ́n ṣe láti lòdì sí wíwọ̀ tí Ítálì fẹ́ wọ NATO, ẹgbẹ́ ológun àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn. Nígbà tí Alessandro Portelli, onímọ̀ tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, lọ ń gba ìtàn lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ ìlú náà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, púpọ̀ nínú wọn ní ọdún 1953 ni ó kú, nígbà tí ilé iṣẹ́ ń lé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ dà nù. Portelli kò sọ ọ̀rọ̀ wọn nù gẹ́gẹ́ bí àṣìṣe. Ó rí i pé wọ́n ti gbé ikú ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ síbi tí ọgbẹ́ ti jinlẹ̀ jù lọ́kàn wọn. Mo jókòó, mo tún gbogbo ohun tí mo ti pa rẹ́ kọ padà, mo sì fi ọdún méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lójú àwọn ará ìlà ẹ̀yìn, iná tó jó ilé àti iṣẹ́ tó bọ́, àdánù kan ṣoṣo ni.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, nítorí ibẹ̀ ni mo ti pàdánù ohun tí kò ní padà. Fóònù ni mo fi ń gba ohùn sílẹ̀, inú rẹ̀ nìkan ni mo sì ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ó já sínú omi lọ́jọ́ kan. Ohùn ènìyàn mọ́kànlá bá a lọ, méjì nínú wọn sì ti kú. Ọmọ ọ̀kan nínú àwọn olóògbé náà wá bá mi pé òun fẹ́ gbọ́ ohùn ìyá òun, ó sì di dandan kí n sọ fún un pé kò sí mọ́. Kò bínú. Ó kàn béèrè bóyá ìyá òun rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. Ìgbà náà ni mo tó tẹ̀lé ohun tí àwọn tí ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ti ń sọ tipẹ́, pé kí a ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, kí wọ́n wà lórí oríṣi ohun èlò méjì ó kéré tán, kí ọ̀kan sì wà ní ilé mìíràn. Alẹ́ ọjọ́ tí mo bá gba ohùn ni mo ń ṣe é, n kì í sùn lé e lórí. Mo máa ń fi ìṣẹ́jú kan dán ẹ̀rọ wò, mo máa ń tọrọ kí a pa fáànù àti rédíò, mo sì máa ń sọ ọjọ́, ibi àti orúkọ ẹni tí a jọ jókòó sínú rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Orúkọ fáìlì máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọdún, oṣù tẹ̀lé e, ọjọ́ sì kẹ́yìn, kí wọ́n lè to ara wọn.

Ti àwòrán náà rí bẹ́ẹ̀. Báírò ni mo fi kọ orúkọ sẹ́yìn àwòrán àtijọ́ kan tí wọ́n yá mi, ipa rẹ̀ sì yọ sí iwájú, ó gba àárín ojú ọmọ kan kọjá. Pẹ́ńsù rírọ̀ ni kí ẹ lò, létí àwòrán, láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ń béèrè orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ òsì dé ọwọ́ ọ̀tún, kí ẹ má sì fo ẹni tó wà létí pátápátá tí ìdajì ojú rẹ̀ nìkan yọ.

Nígbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ jáde, ìyìn ni gbogbo rẹ̀. Mo kọ ojú ewé méjì nípa káfíńtà kan tó ti di olóògbé, mo sì gbé e lọ fún ọmọ wọn obìnrin. Ó kà á tán, ó nà án padà sí mi. "Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n n kò mọ ẹni tí ẹ kọ nípa rẹ̀ yìí. Bàbá mi a máa bínú." Ó ní bàbá òun lè fọ́ àga tuntun lójú ẹni tó wá gbà á, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan bá kúrú ju èkejì lọ ní ìwọ̀nba ìnípọn ìwé kan. Owó a wọ́n nílé nítorí rẹ̀, ìyá òun a sì sunkún. Ó wá ní, "Ẹ lọ jókòó sórí àga bàbá mi nílé ẹnikẹ́ni ní ìlà yìí. Bí ọ̀kan bá mì, ẹ wá sọ fún mi." Mo lọ. Ilé mẹ́sàn-án ni mo dé, mo jókòó, mo fara tì í, n kò rí èyí tó mì. Mo ti fẹ́ yọ ìbínú náà kúrò, bẹ́ẹ̀ òun ni ó gbé àga wọ̀nyẹn dúró. Lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001 ní Amẹ́ríkà, ìwé ìròyìn The New York Times ń tẹ ìtàn kúkúrú jáde nípa àwọn tó kú, ìbáà jẹ́ ọ̀gá ilé iṣẹ́ tàbí òṣìṣẹ́ ilé ìdáná, ìpínrọ̀ díẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ohun tí ẹni náà fẹ́ràn tàbí tó máa ń ṣe ni wọ́n sì ń gbé síwájú ipò rẹ̀. Irú ìyẹn ni mo fi ṣe àwòkọ́ṣe, mo sì fi ohun tí ọmọ káfíńtà kọ́ mi kún un, pé kí ohun tí wọ́n máa ń ṣe tí ó ń dun ará ilé náà ní àyè tirẹ̀.

Èyí tó kàn yìí ni ó ṣòro fún mi jù láti kọ. Màmá kan tí a jọ jókòó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan sọ fún mi pé òun bí ọmọ kan kí òun tó kó dé àdúgbò wa, pé ẹlòmíràn ló gbà á tọ́, pé òun kò sì fojú kàn án mọ́ láti ìgbà náà. Ẹ̀rọ wà lórí tábìlì, iná rẹ̀ ń tàn, wọ́n ti buwọ́ lu ìwé ìyọ̀ǹda láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Lójú tèmi, kò tún sí ohun tó kù láti béèrè. Mo kọ ọ́, mo rò pé mo fi ọ̀wọ̀ kọ ọ́, mo tẹ ogún ẹ̀dà, mo pín in. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí ọmọ wọn ọkùnrin fi wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Mo ní kó wọlé, kò wọlé. Ó ní, "Inú ìwé yín ni mo ti gbọ́ pé mo ní ẹ̀gbọ́n." Ó yí padà, ó lọ. Mo lọ láti ilé dé ilé, mo ń gba ẹ̀dà padà. Mẹ́rìndínlógún ni mo rí gbà. Ohun tí ènìyàn sì ti kà, ta ni yóò gbà á padà lọ́kàn rẹ̀? Oṣù méje gbáko ni màmá kò fi jẹ́ ìkíni mi.

Nígbà tí wọ́n gbà kí n wá tọrọ àforíjì, ohun tí wọ́n sọ kò ní ariwo nínú. Wọ́n ní, "Mo sọ ọ́ fún ọ nítorí pé o fetí sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó fetí sí mi báyẹn rí." Èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe àdúgbò, ìwé tí wọ́n buwọ́ lù kò sì lè mọ ohun tí wọn yóò sọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí a bá tẹ́tí sí dáadáa máa ń gbàgbé ẹ̀rọ. Àǹfààní iṣẹ́ yìí nìyẹn, ewu rẹ̀ náà sì nìyẹn. Báyìí, bí mo bá ti kọ ọ́ tán, mo máa ń padà lọ kà á sókè fún ẹni tó ni ín, ní ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, torí pé ojú ọ̀pọ̀ wọn kò ríran kàwé mọ́. Ohun tí wọ́n bá ní kó kúrò yóò kúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló dùn jù nínú rẹ̀, n kì í jiyàn. Mo máa ń béèrè èyí tí a lè kà nísinsìnyí, èyí tí a lè kà lẹ́yìn ọjọ́ wọn, àti èyí tí kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kà láé. Èyí tó kẹ́yìn yìí, mo máa ń pa á rẹ́ nínú ohùn pẹ̀lú, níṣojú wọn. Bí ọ̀rọ̀ bá sì kan ẹlòmíràn tó wà láyé, mo máa ń lọ bá òun náà.

Ní ọdún kẹrin ni mo tó ka ilé tí ìtàn wọn wà lọ́wọ́ mi, mo sì rí i pé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni nínú mẹ́tàlélógójì. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ ni àwọn ayálégbé tí kì í pẹ́, àwọn ọmọ ọ̀dọ̀, àwọn tó ti kó lọ, àti bàbá kan ní ìparí ìlà, tí wọ́n ń dá gbé, tí gbogbo wa ti bá jà nítorí omi. Mo ya àwòrán àdúgbò sórí páálí ńlá, ilé kan lẹ́yìn èkejì, yàrá kan lẹ́yìn èkejì, mo sì tẹ́ ẹ síwájú àwọn àgbà mẹ́ta. "Ta ló gbé yàrá yìí kí ẹni yìí tó dé?" Wọ́n jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú, inú àríyànjiyàn náà sì ni mo ti rí orúkọ tí ìbéèrè mi kankan kò lè mú jáde. Ọ̀kan nínú wọn kò rántí nǹkan kan lórí ìjókòó. Nígbà tí a dìde tí a ń rìn kọjá níwájú àwọn ilé náà, bí wọ́n bá ti dé ẹnu ọ̀nà kan, orúkọ á jáde. Gunter Demnig, oníṣẹ́ ọnà ará Jámánì, ti ń ri àwo idẹ pẹlẹbẹ tí a kọ orúkọ sí, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 ní ìbú àti òró, mọ́ ilẹ̀ láti ọdún 1992, níwájú ilé tí àwọn tí ìjọba Násì ṣe inúnibíni sí gbé kẹ́yìn kí wọ́n tó kó wọn lọ. Ní ọdún 2023, wọ́n ti lé ní 100,000. Ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn túmọ̀ sí "Níbí ni ó gbé". Ẹnu ọ̀nà máa ń rántí ènìyàn dáadáa.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ kan ilẹ̀kùn bàbá tí ń dá gbé kí wọ́n tó ṣí i. Orúkọ ìyàwó wọn tó ti kú ni wọ́n sọ fún mi, wọ́n sọ bó ṣe máa ń kọrin nígbà tó bá ń pọn omi, wọ́n sì ní kí n máa lọ. Ìlà mẹ́sàn-án ni ojú ewé wọn, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bàbá kọ́kọ́rọ́ ni mo fi kẹ́yìn, nítorí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. N kò ní ohùn wọn, n kò ní pákó náà. Ohun tí mo ṣe ni pé ní ìparí ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ilé kọ̀ọ̀kan, mo ń béèrè pé, "Aṣọ wo ni ẹ fún bàbá?" Mo rò pé wọn kò ní rántí. Ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló rántí. Màmá tí ń ránṣọ ní ẹ̀wù iṣẹ́ ọkọ àwọn ni, ibi àpò rẹ̀. Ọmọ káfíńtà ní àpò tí bàbá òun ń kó ìṣó sí ni, ó le, ó sì máa ń ta ọwọ́. Màmá tí ń gbá ojú ọ̀nà ti lọ, kò sì sẹ́ni tó lè dáhùn fún wọn.

Màmá tí mo ṣẹ̀ sí ni mo lọ bá gbẹ̀yìn. Mo béèrè, wọn kò fèsì. Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé kí n máa lọ. Ẹ̀wù ọmọ ọwọ́ kan ni wọ́n mú jáde, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, wọ́n sì tẹ́ ẹ sórí orúnkún mi. Ìṣẹ́tí rẹ̀ tí a fi ọwọ́ rán yí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ká, àfi ibì kan tí wọ́n ti gé ègé tẹ́ẹ́rẹ́ kúrò, tí àlùmọ́gàjí sì ti gba ibẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ.

Wọ́n ní, "Ti ẹni tí n kò rí mọ́ ni. Bàbá kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi rí. Ṣùgbọ́n bí ọmọkùnrin mi bá wá gba kọ́kọ́rọ́, wọ́n máa ń rọra tú u ni, wọn kì í fà á."

Mo bi wọ́n bóyá mo lè kọ ọ́. Wọ́n ní kí n kọ ọ́, kí n má kọ orúkọ. Wọ́n wá mú ìka mi, wọ́n gbé e lé ibi tí wọ́n ti gé e.